Ta Ló Ní Kí Gbogbo Wa Gbé Yàrá Kan?

Android ló wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí èrò ń tẹ̀ nínú dánfó láti Yaba dé Mushin, Linux ló sì wà nísàlẹ̀ Android. Síbẹ̀, ní January 29, 1992, Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amsterdam, kéde pé ayé ti kọjá Linux. Òun ló ṣe MINIX ní 1987 láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Linus Torvalds, ọmọ ọdún 22 ní Helsinki, ti lo MINIX kó tó kọ Linux ní 1991.

Kí ni wọ́n ń jà sí? Kernel ni ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ti Linux, inú yàrá kan ni gbogbo iṣẹ́ ti ń lọ: ó yá, àmọ́ tí iná bá ran igun kan, gbogbo ilé ló jó. Microkernel ní kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tiẹ̀. Ìyẹn láàbò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn ń jẹ àkókò.

Torvalds gbà pé lórí ìwé, microkernel ló dáa jù. Ó kàn ní Linux ti wà nílẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ọjà gbé Linux. Àmọ́ ní 2017, aráyé gbọ́ pé Intel ti fi MINIX sínú chip rẹ̀. Nígbà tó di July 19, 2024, ètò CrowdStrike tó ń ṣiṣẹ́ nínú kernel Windows kọsẹ̀, kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 sì dákú.

Ẹ jẹ́ ká máa bi ara wa, àwa tá à ń kọ ètò: tí èyí bá ṣubú, ta ni yóò bá a ṣubú?