Bíbomi rin koríko àgbàlá níbi tí omi ti wọ́n

Koríko àgbàlá ni koríko kúkúrú tí a dìídì gbìn yí ilé ká, tí a ń gẹ́ lóòrèkóòrè kó má bàa di igbó. Ẹran kì í jẹ ẹ́, a kì í tà á, síbẹ̀ ilẹ̀ tó gbà kò kéré. Ní 2005, Christina Milesi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣírò rẹ̀ pé koríko ilé, ti pápá gọ́ọ̀fù àti ti ọgbà ìtura ní Amẹ́ríkà fẹ̀ tó nǹkan bíi 163,800 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta oko àgbàdo tí wọ́n ń bomi rin níbẹ̀. Ìbéèrè tó sì wà lẹ́nu gbogbo onílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ló yẹ kí òun bomi rin tòun. Ìbéèrè náà dára, àmọ́ iye kan ṣoṣo tí yóò bá gbogbo ilé mu kò sí. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ koríko ló mọ ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Kàlẹ́ńdà kò mọ̀. Ẹni tó bá ń bomi rin ín kìkì nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́ ń fi omi ṣòfò, ó sì tún ń sọ koríko rẹ̀ di ọ̀lẹ.

Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn sábà máa ń dá ni íǹṣì omi kan lọ́sẹ̀, nǹkan bíi mílímítà 25, nígbà tí oòrùn bá mú, kí a sì yọ iye tí òjò bá rọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ó dún bí ohun kékeré létí. Ṣùgbọ́n mílímítà 25 lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà 25, kẹ́ẹ̀gì kan gbáko, irú èyí tí à ń gbé lọ pọnmi. Àgbàlá tó gùn ní mítà mẹ́wàá, tó sì fẹ̀ ní mẹ́wàá, yóò mu ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti fi orí ru omi rí kò nílò àlàyé kankan mọ́ lórí ìdí tí ọ̀rọ̀ koríko fi di ọ̀rọ̀ òfin. Bí a ṣe máa pín ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì yìí ni ọgbọ́n wà. Bí a bá ń wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ojú ilẹ̀ nìkan ló ń tutù, kó tó di ọ̀sán oòrùn ti fà á gbẹ. Gbòǹgbò kì í sì í rìn jìnnà lásán. Bí omi kò bá kọjá ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni òun náà yóò jókòó sí, ọjọ́ tí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi bá bàjẹ́ ni koríko yóò rọ. Bí a bá da omi ọ̀sẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, yóò wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, gbòǹgbò á sì tẹ̀lé e lọ síbi tí oòrùn kì í tètè dé. A máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kì í gbẹ rárá kì í jẹ́ kí gbòǹgbò mí, àrùn ewé a sì máa fi irú ibẹ̀ ṣelé.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìgbà tó tọ́ kò gba owó. Òwe wa ní koríko tí erin bá tẹ̀, àtẹ̀gbé ni. Èèyàn kò tó erin. Bí èèyàn bá rìn kọjá lórí koríko tó mumi yó, tó wẹ̀yìn wò, ewé rẹ̀ á ti máa nàró padà. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ojú ẹsẹ̀ á wà níbẹ̀ ketekete bí ẹni pé erin ló kọjá, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti máa ṣe bí eérú. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí a bomi rin ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ lè mú sukudiráfà gígùn kan, kó tì í bọlẹ̀: bó bá wọlé wọ̀ọ̀ títí dé èèkù, omi ṣì wà, bó bá dúró gbagidi lẹ́yìn ìka méjì, ilẹ̀ ti gbẹ. Ní ti ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi, àgolo tòmátò tó ti ṣófo ni òṣùwọ̀n rẹ̀. A ó to mẹ́rin tàbí márùn-ún káàkiri àgbàlá, a ó tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 15, a ó wá ki rúlà bọ inú àgolo kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lè máà ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ nígbà tí ti àárín ti ní mílímítà mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ onílé tó rí i pé koríko ẹ̀gbẹ́ ògiri ti ń pọ́n, ọjọ́ kan ni wọ́n máa ń fi kún ọjọ́ ìbomirin, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n fi kún un, àárín tó ti yó tẹ́lẹ̀ ló ń gbà á mu.

Irú ilẹ̀ náà ní ohun tirẹ̀ láti sọ. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í mú omi dúró, nítorí náà ìdajì lẹ́ẹ̀mejì sàn níbẹ̀ ju odindi lẹ́ẹ̀kan lọ. Ilẹ̀ amọ̀ a máa tọ́jú omi pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra láti mu ún. Bí a bá dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, títì ni yóò ṣàn gbà. Ọgbọ́n tó wà fún un ni kí a tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a pa á fún bíi wákàtí kan, kí a tún tàn án. Ìdájí ló dára jù, kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí gbogbo èyí ti hàn kedere jù ni Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada. Òjò ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 100 lọ lọ́dún, odò Colorado ló sì ń fún ìlú náà lómi láti inú adágún Mead. Láti 1922 ni ìpínlẹ̀ méje ti fi àdéhùn pín odò náà láàárín ara wọn, omi tí wọ́n pín lórí ìwé sì pọ̀ ju èyí tó ń ṣàn lọ. Ní oṣù kẹjọ 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde ọ̀wọ́n omi lórí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwádìí tí àjọ omi gúúsù Nevada ṣe lágbàlá àwọn oníbàárà rẹ̀ fi hàn pé gálọ́ọ̀nù 73 ni ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan tí koríko wà ń mu lọ́dún, tí èyí tí a gbin ewéko aṣálẹ̀ sí sì ń mu 17. Bí a bá wọn gálọ́ọ̀nù 73 yẹn bí a ṣe ń wọn òjò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta. Òjò Ìbàdàn, láti ìgbà tí àrá àkọ́kọ́ bá sán títí ọyẹ́ yóò fi dé, kì í tó ìdajì rẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Wọ́n ń rọ òjò Ìbàdàn méjì sórí koríko kan nínú aṣálẹ̀. Àjọ náà ti ń sanwó fún ẹni tó bá hú koríko rẹ̀ láti 1999, ní 2003 wọ́n ka koríko iwájú ilé tuntun léèwọ̀, òfin 2021 sì sọ pé lẹ́yìn 2026 a kò gbọ́dọ̀ fi omi odò náà bomi rin koríko tó wà fún wíwò lásán, irú ti àárín títì àti iwájú ilé iṣẹ́. Òfin yẹn kò kan àgbàlá onílé. Ohun tó kan onílé ni ìwọ̀n ọjọ́: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ nígbà òtútù, mẹ́ta nígbà ìrúwé àti ìwọ́wé, nígbà ooru ojoojúmọ́ àfi ọjọ́ Àìkú, láìtan ẹ̀rọ láti aago 11 òwúrọ̀ sí aago 7 alẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n yọ̀ǹda nígbà ooru yẹn ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Òpin ohun tí òfin gbà ni. Koríko kò fi dandan béèrè rẹ̀.

Àwọn kan máa ń jiyàn pé omi tí a dà sílẹ̀ kò sọnù, pé inú ilẹ̀ ló wọ̀, yóò sì padà wá. Las Vegas fúnra rẹ̀ ló dáhùn ọ̀rọ̀ náà. Omi tí wọ́n fi wẹ̀, tí wọ́n fi fọ abọ́, tí wọ́n fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọ̀pá ìdọ̀tí lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di mímọ́, wọ́n á sì dá a padà sínú adágún Mead, kí ìlú náà tó tún un fà. Ti koríko kò ní ọ̀nà àbọ̀: ojú ewé ló ń gbà lọ sójú ọ̀run. Èèyàn lè wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ níbẹ̀ kó má ṣe adágún náà ní ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí àgbàlá ń bu ohun tí kò ní dá padà.

Àríyànjiyàn tó le ju ìyẹn lọ ni ti àgbẹ̀. Ní California, iṣẹ́ ọ̀gbìn ló ń lo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí àwọn èèyàn ń lò. Kí wá ni ti koríko ilé? Òótọ́ ni, ẹni tó bá sì rò pé koríko gbígbẹ nìkan yóò mú odò Colorado kún ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àmọ́ omi tí à ń wọ́n sí koríko ti kọjá lára kẹ́míkà àti ẹ̀rọ fífa, omi mímu ni. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 30 omi ilé ló ń lọ síta, pé ó lè tó 60 níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, àti pé ó lè tó ìdajì omi ìta yìí tó ń ṣòfò sọ́wọ́ afẹ́fẹ́, oòrùn àti ìṣànlọ. Àgbẹ̀ tó lo omi rí ẹ̀fọ́ mú bọ̀. Nígbà tí ọ̀dá mú, tí Gómìnà Jerry Brown pàṣẹ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin 2015 pé kí àwọn ìlú California dín omi kù ní ìdá 25, koríko ni ibi tó rọrùn jù láti gé, torí kò sí ẹni tí ebi rẹ̀ ń pa.

Ẹ̀rù ikú koríko ló wá kù. Ọ̀pọ̀ koríko tó pọ́n kò tíì kú, ó sùn ni. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Texas kò ní láti wá ẹ̀rí lọ síbi jíjìn: Bermuda tó kún ibẹ̀ ni Bahama tí à ń gbìn nílé, kò sì ti erékùṣù méjèèjì ṣẹ̀ wá. Láti oṣù Ọ̀pẹ ni Bahama ti máa ń gbẹ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí kò sẹ́ni tó ń sunkún rẹ̀, òjò méjì mẹ́ta á sì tún sọ ọ́ di tútù. Koríko ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń pè ní Kentucky bluegrass lè sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà bí a bá ń ta mílímítà 12 sí i lẹ́ẹ̀kan ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nìkan ni kò lè dúró. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tọ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, torí kò tíì ní gbòǹgbò. Ní ti ẹgbẹ́ onílé tó ń fìwé ránṣẹ́ pé koríko rẹ ti pọ́n jù, òfin Texas ti 2013 kò jẹ́ kí wọ́n lè dènà ewéko tó ń fara da ọ̀dá mọ́, òfin California ti 2015 sì dá àwọn ìlú lẹ́kun láti bu owó ìtanràn lé koríko gbígbẹ nígbà ọ̀dá.

Wọ́n tún ń sọ pé bí a bá fi ọjọ́ dé àwọn èèyàn, ọjọ́ tí wọ́n bá rí ni wọn yóò fi da omi bí ẹni ń pọnmi kún àgbá. Ó ń ṣẹlẹ̀. Dallas ti fi òpin sí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ láti 2012, kì í ṣe fún ìgbà ọ̀dá nìkan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbé àgolo tòmátò sílẹ̀ rí lè fi ọjọ́ méjì yẹn da iye omi tí koríko ń fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwọ̀n ọjọ́ ń dí ọ̀nà àṣejù, kò kọ́ni ní ìwọ̀n. Àríyànjiyàn kan ṣoṣo tó yẹ kí a fún ní ààyè kíkún ni ti igi. Igi ibòji tó dàgbà láàárín koríko ti fi omi koríko ṣe oúnjẹ, bí a bá sì pa ẹ̀rọ lójijì, òun ló máa ń kú, bẹ́ẹ̀ kò sí òjò tó ń jí igi tó ti kú. Nígbà tí àjọ omi ńlá tó ń bọ́ gúúsù California fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ lélẹ̀ fún nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn ní oṣù kẹfà 2022, wọ́n yọ igi sílẹ̀: onílé lè fi ọwọ́ bomi rin ín. Rọ́bà omi la ń tẹ́ sílẹ̀ fún un, kó máa sun tọ́ọ́rọ́ ní ibi tí òjìji ẹ̀ka rẹ̀ parí sí, níbi tí gbòǹgbò tó ń mumi wà, kì í ṣe ní ìdí rẹ̀.