Ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù ilé ìkàwé

Lílo ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní AI, nínú iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù ni pé kí kọ̀ǹpútà máa dábàá ohun tí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ì bá fúnra rẹ̀ kọ nípa ìwé: àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé, orí ọ̀rọ̀ tí ìwé dá lé, àti nọ́ńbà tó máa gbé e jókòó sórí pẹpẹ. Ilé ìkàwé yunifásítì àti ti orílẹ̀-èdè ló wà nídìí rẹ̀ jù, torí ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé débi pé apá òṣìṣẹ́ kò ká a mọ́.

Ìtàn

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ yìí. Ní àwọn ọdún 1960, Henriette Avram ló ṣáájú iṣẹ́ MARC, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń ka àkọsílẹ̀ ìwé, ní Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti Amẹ́ríkà. Ní 1971, OCLC, àjọ àwọn ilé ìkàwé, bẹ̀rẹ̀ kátálọ́ọ̀gù àjùmọ̀lò ní Ohio. Ènìyàn ló ń ronú nígbà náà. Ẹ̀rọ kàn ń bá a tọ́jú èrò rẹ̀ ni. Ní 2010 ni Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Jámánì pinnu pé òun kò ní máa fi ọwọ́ ṣe kátálọ́ọ̀gù ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Annif

Osma Suominen bẹ̀rẹ̀ Annif, irinṣẹ́ tó ń dábàá orí ọ̀rọ̀ fún ìwé, ní Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Fínlándì ní 2017. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ kóòdù rẹ̀ wò. Àkọsílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣe sẹ́yìn ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́. Bí ìwé tuntun bá dé, Annif á ṣa orí ọ̀rọ̀ láti inú àkójọ YSO, tó wà ní èdè Fínlándì, ti Swídìn àti Gẹ̀ẹ́sì, á sì fi iye kan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bó ṣe dá a lójú tó. Ọgbọ́n kan ṣoṣo kọ́ ló gbọ́kàn lé: ọ̀kan ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ tó fojú hàn nínú ìwé, òmíràn ń wá ohun tó sábà máa ń bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ rìn, a ó wá pa ìdáhùn wọn pọ̀. Ní Yunifásítì Jyväskylä, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé àpilẹ̀kọ oyè másítà sí àkójọ JYX á rí àbá Annif gbà, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé á sì tún un wò. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Jámánì náà ti gbé ètò rẹ̀ tuntun ka orí Annif.

Àríyànjiyàn lórí ìpéye

Láti 2022, Library of Congress fi ìwé orí ẹ̀rọ bíi 23,000 dán oríṣiríṣi irinṣẹ́ wò. Àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ fún wọn ní wàhálà. Nídìí orí ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dojú rú: lórí òdiwọ̀n F1, tó ń wo bí àbá ẹ̀rọ ṣe bá ti òṣìṣẹ́ mu tó, Annif gba nǹkan bí 35 nínú 100, irinṣẹ́ tó jẹ́ irú ChatGPT gba 26, nígbà tó jẹ́ pé 95 ni ilé ìkàwé náà ń fẹ́. Ó yẹ ká fara balẹ̀ ka iye yìí o. Ohun tí òṣìṣẹ́ kọ ni wọ́n fi díwọ̀n ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ méjì lè fún ìwé kan náà ní orí ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ láìsí pé ọ̀kan ṣì í. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ irú ChatGPT tún lè hùmọ̀ orí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú àkójọ rárá, èyí kò sì ní àwíjàre.

Ní ti ìwé Yorùbá, 496.333 ni nọ́ńbà èdè wa nínú ètò Dewey, tí a fi ń fún ìwé ní nọ́ńbà. Àmì ohùn ló le: bí a bá yọ ọ́ kúrò, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, kí ló kù láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni kò ní àmì, ohun tí ẹ̀rọ bá sì bá níbẹ̀ ni yóò kọ́.

Kí a lè mọ ohun tó ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá, pápá 883 nínú MARC ni a ti ń sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe apá kan àkọsílẹ̀.