Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Birgitte Nyborg Nínú Borgen

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ la sábà máa ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu rẹ̀, bíi pé àìlágbára ọ̀bẹ ni òwe náà ń sọ. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Mímú ọ̀bẹ kò sí nínú àríyànjiyàn rárá. Ọwọ́ tó gbẹ́ èkù ni òwe ń tọ́ka sí, ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rántí nígbà tí ọ̀bẹ bá ń ge ẹran. N kò tíì rí eré tẹlifíṣọ̀n tó tú òwe yìí palẹ̀ bíi Borgen.

Dẹ́nmáàkì ni wọ́n ti ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n DR bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lọ́dún 2010. Borgen ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ààfin Christiansborg ní Copenhagen, níbi tí ilé aṣòfin, ọ́fíìsì olórí ìjọba àti ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wà pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Sidse Babett Knudsen ló kó ipa Birgitte Nyborg, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò tóbi, tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ìjọba. Ní Dẹ́nmáàkì gidi, obìnrin kankan kò tíì dé ipò yẹn rí nígbà náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni Helle Thorning-Schmidt dé e lójú ayé.

Ìjókòó 179 ló wà nílé aṣòfin Dẹ́nmáàkì, ìjọba tí 90 bá sì kọ̀yìn sí ti ṣubú nìyẹn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹgbẹ́ kankan ti dá kó ju ìdajì ìjókòó lọ kẹ́yìn. Nítorí náà, ẹnu ni Nyborg fi ń jọba: ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń ṣèlérí, ó ń dúnàá dúràá láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an.

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Òun àti Phillip ọkọ rẹ̀ ti ṣàdéhùn pé ọkọ yóò fà sẹ́yìn nídìí iṣẹ́ tirẹ̀ fúngbà díẹ̀, yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ, kí ìyàwó lè ráyè ṣèlú. Phillip, ọwọ́ tó ń gbẹ́ èkù Nyborg, mú àdéhùn náà ṣẹ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wá rí iṣẹ́ gidi, iṣẹ́ ọ̀hún kan kọngilá tí ìjọba fẹ́ gbé jáde fún ọkọ̀ òfuurufú ogun, ni Nyborg bá ní kó fi í sílẹ̀. Ìgbéyàwó wọn kò yè é.

Àwọn kan á ní ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí obìnrin jókòó sílé. Wọn kò wo apá kìíní dáadáa. Lars Hesselboe, ọkùnrin tó wà lórí àlééfà ṣáájú Nyborg, ní ìyàwó tí ayé òṣèlú ti tán ní sùúrù. Nígbà tí obìnrin náà ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní London, ọkọ rẹ̀ sáré fi káàdì ìjọba san owó ọjà. Owó yẹn ló lé e kúrò nípò. Èkù tirẹ̀ náà ti sán, kò kàn mọ̀ ni.

Apá kejì ló dùn mí jù. Laura, ọmọbìnrin Nyborg, ní àìsàn àníyàn. Àyà rẹ̀ ń já ṣáá. Ìlà àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú ní ọsibítù ìjọba gùn, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni, bẹ́ẹ̀ ìjọba rẹ̀ gan-an ló ń ṣe òfin tó ń dín agbára irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ kù. Àwọn oníròyìn gbọ́, wọ́n ya bo ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá wo ni yóò ṣe ohun mìíràn? Olórí ìjọba wo ni yóò sì rí àwíjàre wí fún àwọn ìyá tó ṣì wà lórí ìlà?

Ó gba ìsinmi, ó fa ìjọba lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ jókòó ti ọmọ. Ariwo wá sọ pé ṣé obìnrin tilẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìyàwó Hesselboe ń pariwo ní London, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ọkùnrin lè ṣe é. Nyborg padà sílé aṣòfin, ó kéde ìdìbò, ó ní kí aráàlú fúnra wọn dáhùn.