Nígbà tí orí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbóná

Ní ọdún 1960 ni Raymond Prince, oníṣègùn àrùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orí wọn a máa gbóná, ojú wọn a máa ṣe bàìbàì, ohun tí wọ́n bá kà kì í sì í dúró nínú wọn. Àwọn fúnra wọn ní ìwé kíkà ni ó sọ ọpọlọ àwọn di aláàárẹ̀. «Brain fag» ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà ni Prince sì lò. Ó ṣàkíyèsí pé ìwé kíkà òyìnbó a máa ya ènìyàn sọ́tọ̀, nígbà tí gbogbo ẹbí ń retí èrè lọ́dọ̀ ẹni kan ṣoṣo náà. Àwa olùkọ́ kò nílò dókítà kí a tó mọ èyí.

Ní Aro kan náà, láti ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan ni yóò tẹ̀ lé aláìsàn wá, yóò máa dáná fún un, yóò sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Lambo yìí ni ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968.

Ọmọ Kétu tí ó bá lọ sí yunifásítì Abomey-Calavi, tí a dá sílẹ̀ ní 1970, lọ́pọ̀ ìgbà yàrá háyà ni ó ń wọ̀, òun nìkan. Owó ilé àti ti oúnjẹ ni a ń fi ránṣẹ́ sí i. Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ yan ìdílé kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan, àti fún ọ̀dọ́ olùkọ́ tí kò ní ará níbẹ̀, níbi tí yóò ti máa jẹun lọ́jọ́ Àìkú.