A Kì Í Ti Ilẹ̀kùn Àánú: Ìdáríjì Ẹ̀ṣẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́ àti nínú Ìtàn Ìjọ Áfíríkà

Ọdún júbílì jẹ́ ọdún ayọ̀. A ń lu ìlù, a ń jó, a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a sì ń rántí àwọn baba àti ìyá wa tí wọ́n gbin ìgbàgbọ́ sí àárín wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí Ìwé Mímọ́, a ó rí i pé ayọ̀ yìí ní orísun. Nínú ìwé Léfítíkù, orí 25, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ya ọdún àádọ́ta sí mímọ́. Ẹni tí òṣì mú ta ilẹ̀ rẹ̀ yóò gbà á padà. Ẹni tí gbèsè sọ di ẹrú yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Ọjọ́ wo ni a ó fọn ìpè ọdún náà? Ọjọ́ Ètùtù ni, ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Ìdáríjì ni ó ṣáájú, ayọ̀ ni ó tẹ̀lé e.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìdáríjì yẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ náà kan púpọ̀ nínú wa. Ní gbogbo ìjọ ni a ti ń rí àwọn ará tí kì í pa Mísà ọjọ́ Àìkú jẹ, síbẹ̀ tí wọn kò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti ọdún púpọ̀ wá. Àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ti pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ń béèrè pé kí ni ó kan àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín àwọn àti Ọlọ́run. Ìtàn kan wà tí ó dá àwọn méjèèjì lóhùn, ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni ó sì ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 250 àti 251. Kí a tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Ìwé Mímọ́ wí.

OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ KỌ́ WA

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀bùn ni ìdáríjì, Ọlọ́run ni ó ni ín. Wòlíì Esekíẹ́lì kọ́ wa, ní orí 18 àti orí 33, pé inú Ọlọ́run kì í dùn sí ikú ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ó yí padà, kí ó sì yè. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 15, ọmọ onínàákúnàá ti to ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ baba rẹ̀ jọ sẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣì wà lókèèrè ni baba ti sáré lọ pàdé rẹ̀. Àgbàlagbà kì í sáré lásán láàárín ìlú. Ìfẹ́ ni ó mú kí baba yìí gbàgbé ipò rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ẹni tí yóò gba ìdáríjì gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ̀. Dáfídì ọba bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tí wòlíì Nátánì fi tọ̀ ọ́ wá, bí a ti kà á nínú ìwé kejì Sámúẹ́lì, orí 12. Nígbà tí ọba jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa, ẹnu Nátánì kan náà tí ó ti bá a wí ni ó ti gbọ́ pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò. Ẹ kíyèsí i: Dáfídì kò dá jókòó sínú yàrá kí ó sì fún ara rẹ̀ ní ìdáríjì. Ọlọ́run rán ènìyàn sí i.

Ohun kẹta ni pé Jésù fi iṣẹ́ yìí lé Ìjọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àjíǹde, gẹ́gẹ́ bí Jòhánù ti ròyìn ní orí 20, ó mí èémí sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fún wọn ní Ẹ̀mí Mímọ́, ó sì fi yé wọn pé ẹni tí wọ́n bá dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì, Ọlọ́run ti dárí rẹ̀ jì. Ta ni àwọn tí ó fi iṣẹ́ ńlá yìí rán? Àwọn tí wọ́n fi í sílẹ̀ sá lọ ní òru tí a mú un ni. Pétérù tìkára rẹ̀ ti sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tí a ti dárí jì ni a rán láti dárí ji ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó le. Nínú Mátíù, orí 10, Jésù kan náà kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá sẹ́ òun níwájú ènìyàn, òun náà yóò sẹ́ ẹ níwájú Baba. Báwo ni a ó ṣe so àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀? Ìbéèrè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín Ìjọ Áfíríkà sí méjì nìyẹn.

ÌṢUBÚ ÀWỌN ARÁ NÍ CARTHAGE

Carthage jẹ́ olú-ìlú Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ àkóso Róòmù, ní etí òkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Túnísíà lónìí. Cyprian ni bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Olùkọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ni tẹ́lẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tí ó gba Ìrìbọmi tí a fi yàn án sí ipò náà. Nígbà tí ọdún 249 ń parí lọ tí ọdún 250 sì ń bẹ̀rẹ̀, Késárì Decius pàṣẹ pé kí àwọn ará ìjọba rẹ̀ rúbọ sí àwọn òrìṣà níwájú àwọn aṣojú ìjọba, kí wọ́n jẹ nínú ẹbọ náà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. A ti rí irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tí ó ju 40 lọ ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí a lè kà títí di òní. Fabian, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, kú ikú ajẹ́rìí ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 250.

Ní Carthage, púpọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ ṣubú. Cyprian sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn tí ó ṣubú, kò sì fi bò. Àwọn kan kò dúró kí a mú wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sáré lọ rúbọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ kejì, ńṣe ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe dá àwọn dúró. Àwọn òbí gbé ọmọ ọwọ́ lọ sí ibi ẹbọ. Àwọn mìíràn kò rúbọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi owó ra ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fara da ìyà títí tí ara wọn kò fi gbà á mọ́, tí wọ́n wá juwọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn olóòótọ́ wà nínú ẹ̀wọ̀n. Òmíràn kú, òmíràn pàdánù ilé àti ohun ìní rẹ̀. Cyprian fúnra rẹ̀ sá pamọ́, ó sì ń fi lẹ́tà darí ìjọ rẹ̀. Àwọn kan bá a wí nítorí rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Cyprian wo ẹ̀yìn. Ó ní àlàáfíà ọjọ́ pípẹ́ ni ó ti sọ ìgbàgbọ́ di ahẹrẹpẹ: olúkúlùkù ń wá bí ọrọ̀ rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ sí i, àní àwọn bíṣọ́ọ̀bù mìíràn fi ìjọ wọn sílẹ̀ lọ ṣòwò. Kò di gbogbo ẹ̀bi ru Késárì nìkan.

ÀWỌN ALÁÀÁNÚ ỌWỌ́ YẸPẸRẸ ÀTI ÀWỌN ỌLỌ́KÀN LÍLE

Nígbà tí inúnibíni náà rọlẹ̀, àwọn tí ó ṣubú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé àwọn fẹ́ padà wálé. Ẹ̀gbẹ́ méjì dìde sí ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ̀gbẹ́ kìíní fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí kíá. Àwọn ẹlẹ́rìí tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n ní ọlá púpọ̀ lójú àwọn ará, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà pé kí a gba àwọn kan padà. Lẹ́tà mìíràn kò tilẹ̀ dárúkọ gbogbo ẹni tí ó kàn. Ohun tí ó wí ni pé kí a gba lágbájá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn àlùfáà kan gbára lé lẹ́tà wọ̀nyí, wọ́n fún àwọn tí ó ṣubú ní Ara Olúwa láìsí ìjẹ́wọ́, láìsí ìrònúpìwàdà, láìsí ìgbọ́wọ́lé bíṣọ́ọ̀bù. Cyprian kọ̀wé sí wọn pé bí a bá bo egbò tí a kò wẹ̀, yóò kẹ̀ nínú. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ikú bá kàn tí ó sì ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kí àwọn yòókù dúró títí àwọn bíṣọ́ọ̀bù yóò fi péjọ.

Ẹ̀gbẹ́ kejì wà ní Róòmù. Nígbà tí a yan Cornelius ní Póòpù ní ọdún 251, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Novatian lòdì sí i, ó sì mú kí a fi òun náà jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé Ìjọ kò gbọdọ̀ gba ẹni tí ó sẹ́ Krístì padà. Kí ó máa sunkún títí di ọjọ́ ikú, kí ó gbójú lé Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kí Ìjọ má ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún un.

ÌPÀDÉ ỌDÚN 251

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 251, Cyprian padà sí Carthage, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà sì péjọ. Wọ́n mú Ìwé Mímọ́ sáàárín. Cyprian ròyìn pé ó pẹ́ tí wọ́n fi ń ka àwọn ẹsẹ tí ó wà ní ìhà méjèèjì, àwọn tí ó ń halẹ̀ àti àwọn tí ó ń tuni nínú, kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Ìdájọ́ wọn kò ṣe ti Novatian, kò sì ṣe ti àwọn tí ó ń pín lẹ́tà.

Wọ́n ní kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí ẹni tí ó sáré lọ rúbọ kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí ìyà borí, ẹni tí ó ra ìwé kò sì dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí ó jẹ ẹran ẹbọ. Àwọn tí ó ra ìwé, a lè gbà wọ́n lẹ́yìn tí a bá ti wádìí ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tí ó rúbọ yóò wà nínú ìrònúpìwàdà fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n bí ikú bá kàn wọ́n, a kò gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ láìgba àlàáfíà Ìjọ. Ìdí wọn ṣe kedere: bí a bá ti ilẹ̀kùn pátápátá, ẹni tí kò ní ìrètí kò ní ìdí kankan láti ronú pìwà dà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí inúnibíni mìíràn tún ń bọ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tún péjọ, wọ́n sì ṣe ohun ìyanu: wọ́n gba gbogbo àwọn tí ó ti ń ṣe ìrònúpìwàdà padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní a kò lè rán ọmọ ogun sí ojú ìjà láìfún un ní oúnjẹ; bí a bá fẹ́ kí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ nítorí Krístì, kí a kọ́kọ́ fún wọn mu nínú ẹ̀jẹ̀ Krístì.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Novatian ní ọwọ́ kan, àwọn olùpín lẹ́tà ní ọwọ́ kan. Ìjọ ní méjèèjì. Cyprian tí a ti bá wí pé ó sá, kò sá mọ́ nígbà tí àkókò tirẹ̀ tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 258, a bẹ́ ẹ lórí ní Carthage. Kí ó tó kú, ó ní kí a fún ẹni tí yóò bẹ́ òun ní owó wúrà 25.

BÍ Ọ̀NÀ NÁÀ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ní ayé ìgbà náà, ìrònúpìwàdà fún ẹ̀ṣẹ̀ ńlá jẹ́ ohun gbangba, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni a lè ṣe é lẹ́yìn Ìrìbọmi. Láti bí ọ̀rúndún kẹfà, àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Ireland tan ìjẹ́wọ́ ìkọ̀kọ̀ kálẹ̀, èyí tí ènìyàn lè ṣe léraléra. Ní ọdún 1215, Ìpàdé Kẹrin ti Lateran pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní ọdún 1551, Ìpàdé Trent ṣàlàyé ẹ̀kọ́ Sákrámẹ́ńtì yìí ní kíkún. Èyí ni àwọn àlùfáà SMA gbé wá nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọdún 1861, tí wọ́n sì dé Porto-Novo ní ọdún 1864. Ètò tí Póòpù Paul Kẹfà fọwọ́ sí ní ọdún 1973 ni a ń lò lónìí. Ìlànà ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò yí padà: ìkáàánú ọkàn, ìjẹ́wọ́ ẹnu, àtúnṣe, àti ìdáríjì tí a gbọ́ láti ẹnu Ìjọ.

Ìjọ tìkára rẹ̀ kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní Júbílì ńlá ọdún 2000, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, Póòpù John Paul Kejì tọrọ ìdáríjì ní gbangba ní ilé Ọlọ́run Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ Ìjọ láti ìgbà pípẹ́ wá. Àwọn kádínà àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà, tí gbogbo wọn jẹ́ méje, ni wọ́n ka ìjẹ́wọ́ náà níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ la ẹnu ni Kádínà Bernardin Gantin, ọmọ ilẹ̀ Benin, ẹni tí ó ti jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Cotonou rí.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin ará, àwọn tí ó ṣubú kò tán láyé. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ọmọ tàbí ìbẹ̀rù ọ̀tá ni ó mú ẹnì kan lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé kí ó má lọ. Ó lè jẹ́ owó tí a gbà lọ́nà ẹ̀bùrú, tàbí ìjà ilẹ̀ tí ó sọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò di ọ̀tá. Kí ẹni náà má ṣe sọ bí Novatian pé ó ti tán fún òun. Kí ó má sì ṣe sọ bí àwọn olùpín lẹ́tà pé kò sí nǹkan kan, Ọlọ́run mọ ọkàn òun. Kí ó dìde, kí ó lọ jẹ́wọ́. Kí ó dá ohun olóhun padà. Kí ó bá arákùnrin rẹ̀ làjà.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn kò tíì tò, tí wọn kò sì tíì lè gba Ara Olúwa, kí wọ́n rántí pé àwọn aronúpìwàdà Carthage kò sí níta. Wọ́n ní àyè tiwọn nínú Ìjọ, a ń gbàdúrà fún wọn, a sì ń retí wọn. Kí wọ́n lọ bá àlùfáà sọ̀rọ̀, nítorí a kọ́ wa ní Carthage pé kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwa tí a wà nídìí tábìlì, kí a má ṣe fi ojú tì wọ́n síta. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni ó gbé arọ náà dé ọ̀dọ̀ Jésù nínú Máàkù, orí 2, wọ́n dá òrùlé lu kí ó lè wọlé. Nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn ni ó dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í.

Kí Ọlọ́run Baba tí ó sáré pàdé ọmọ rẹ̀ jẹ́ kí ìpè júbílì yìí dún dé etí gbogbo ẹni tí ó ti jìnnà sí ilé. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe di ẹni tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí yóò ti ilẹ̀kùn. Àmín.