Kí ló wọ́n wọn lọ́jọ́ náà? Ìtàn tó wà nínú abọ́ oúnjẹ Kòríà

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù Kòríà mọ́jú, ẹ sún mọ́ bí. Ẹ mọ kimchi, ẹ mọ ramyeon. Àmọ́ tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì kúrò ní Seoul, ẹ máa rí i pé gbogbo ìlú ló ní oúnjẹ tirẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ ìlú mọ́ ọn gàdàgbà lójú pátákó. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo jẹ mẹ́rin nínú oúnjẹ wọ̀nyẹn nílùú wọn, ẹ jẹ́ ká jọ wo ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ.

2/ Kí n tètè là á mọ́lẹ̀: a máa ń rò pé ohun tó pọ̀ nílùú ló ń di oúnjẹ ìlú. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo jẹ yìí, ohun tí wọn ò rí ló fà á. Ẹ ṣáà béèrè pé kí ló wọ́n wọn nígbà náà, ìtàn á tú jáde.

3/ Ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò sí ogun. Andong wà láàárín ilẹ̀, òkè ló yí i ká, òkun jìnnà sí i. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń yangàn ni godeungeo, ẹja òkun tí àwa ń pè ní Titus lọ́jà. Báwo ló ṣe jẹ́? Láyé àtijọ́, wọ́n á gbé e wá láti etí òkun lápá Yeongdeok, ìrìn náà sì ju ọjọ́ kan lọ. Kó má bàa jẹrà, wọ́n á fi iyọ̀ pa á.

4/ Iyọ̀ wọnú ẹja, adùn mìíràn jáde. Lónìí, ọkọ̀ lè gbé ẹja tútù dé Andong láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi iyọ̀ sí i. Ẹnu ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n yan án fún mi, wọ́n gbé e síwájú mi pẹ̀lú ìrẹsì funfun, mi ò fẹ́ kó tán.

5/ Ní báyìí, ogun. Japan ló jọba lórí Kòríà láti 1910 títí di 1945. Nígbà tí Japan pàdánù Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà àti Soviet Union fa ìlà sáàárín ilẹ̀ náà, wọ́n pín in sí méjì. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1950, àwọn ọmọ ogun Àríwá ré ìlà náà kọjá. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Seoul ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ìjọba Gúúsù kó dé Busan, ìlú èbúté tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn sá tẹ̀ lé wọn.

6/ Ibi tí wọ́n máa sùn gan-an di wàhálà. Ní Ami-dong, lórí òkè kan ní Busan, itẹ́ òkú àwọn ará Japan ni wọ́n kọ́lé sí. Òkúta ibojì ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn. Àwọn òkúta yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ẹ lè fọwọ́ kàn wọ́n.

7/ Lára àwọn tó sá dé Busan ni àwọn ará Àríwá tó fẹ́ràn naengmyeon, núdùsì tí wọ́n ń jẹ ní tútù nini. Irúgbìn tí wọ́n ń pè ní buckwheat, tàbí èlùbọ́ ànàmọ́ òyìnbó, ni wọ́n fi ń ṣe é nílé. Ní Busan, ó wọ́n. Èwo ló wá pọ̀? Fúláwà tí Amẹ́ríkà kó wá gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́. Ni wọ́n bá fi fúláwà ṣe é. Bí milmyeon ṣe dáyé nìyẹn: mil ni àlìkámà, myeon ni núdùsì.

8/ Ẹ fojú inú wò ó. O ti pàdánù ilé, o ò mọ ibi tí àbúrò rẹ wà, oúnjẹ ilé nìkan ló kù tó o lè tún ṣe, èròjà rẹ̀ ò tún sí. O wá fi ti àlejò rọ́pò. Lónìí, ọmọ Busan á sọ fún ẹ pé tiwọn ni, kò sì parọ́. Wọ́n gbé e wá fún mi nínú omi ẹran tó ní yìnyín, pẹ̀lú ata lórí. Nínú ooru oṣù kẹjọ, ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

9/ Uijeongbu ló kàn, ní àríwá Seoul, níbi tí àwọn sójà Amẹ́ríkà tẹ̀dó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun. Oúnjẹ ibẹ̀ ni budae-jjigae. Budae ni bárékè, jjigae ni ọbẹ̀ gbígbóná. Ọbẹ̀ bárékè! Ẹran inú agolo, sọ́séèjì, kimchi, ata, núdùsì, gbogbo ẹ̀ nínú ìkòkò kan tó ń hó lórí tábìlì níwájú yín.

10/ Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ṣáájú rẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní kkulkkuri-juk, ìyẹn ẹ̀kọ ẹlẹ́dẹ̀. Àjẹkù tí àwọn sójà dà nù ni wọ́n ń ṣà, tí wọ́n ń tún sè fún ẹni tí ebi ń pa. Nígbà míì, wọ́n ń bá ìdí sìgá nínú rẹ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Wọn ò rí i kó kúrò.

11/ Ẹran agolo tó dáa pàápàá, títà ẹrù bárékè fún ará ìlú lòdì sófin, ẹ̀yìnkùnlé ni wọ́n ti ń rà á. Núdùsì tó wà nínú rẹ̀ lónìí, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló dé, torí ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ Kòríà kọ́kọ́ ṣe ramyeon jáde. Ní báyìí, òpópónà kan wà ní Uijeongbu tó kún fún ilé oúnjẹ ọbẹ̀ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó nítòsí mi ń ya fọ́tò rẹ̀. Èmi náà yà á.

12/ Èyí tó wọ̀ mí lára jù wà ní Sokcho. Ní oṣù kejìlá 1950, nígbà tí ogun yí padà, àwọn ará agbègbè Hamgyong ní Àríwá rọ́ lọ sí èbúté Heungnam. Nǹkan bí 100,000 ará ìlú ni ọkọ̀ ojú omi kó kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù kan ṣoṣo, Meredith Victory, kó 14,000 èèyàn. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí sínú rẹ̀ kó tó gúnlẹ̀ sí Geoje. Àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà ò mọ orúkọ Kòríà kankan, wọ́n bá ń pe àwọn ọmọ náà ní Kimchi 1 dé Kimchi 5.

13/ Àwọn ará Hamgyong mìíràn wá tẹ̀dó sórí iyanrìn létí omi ní Sokcho, nítorí pé ó sún mọ́ ààlà. Wọ́n rò pé ogun ò ní pẹ́ parí, káwọn tètè padà sílé. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje 1953, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kí ìjà dúró. Kò sí ìwé àlàáfíà títí dòní. Ààlà tì pa. Àdúgbò náà ni Abai. Abai ni bí àwọn ará Hamgyong ṣe ń pe àgbà ọkùnrin.

14/ Oúnjẹ ibẹ̀ ni sundae: ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ki ìrẹsì, ẹ̀jẹ̀ àti ewébẹ̀ sí. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé nígbà tí ìfun wọ́n, squid tó pọ̀ nínú òkun Sokcho ni wọ́n ń ki nǹkan sí. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan ló ń gbé èèyàn sọdá síbẹ̀, wáyà ni wọ́n fi ń fà á, ẹ̀yin tí ẹ wọ̀ ọ́ sì lè bá wọn fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Autumn in My Heart (2000), ibẹ̀ náà ni.

15/ Ní 1983, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n KBS ṣe ètò tí àwọn tí ogun pín níyà fi ń wá ara wọn. Ọjọ́ 138 ló gbà, ó ju ìdílé 10,000 lọ tó tún ríra. Ṣùgbọ́n ti Gúúsù nìkan nìyẹn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní Àríwá ní láti dúró de ìjọba méjèèjì. Láti oṣù kẹjọ 2018, wọn ò tíì tún ṣètò ìpàdé ojúkojú kankan fún wọn.

16/ Ìdí tí mo fi kọ okùn gígùn yìí nìyẹn. Àwọn tó dá Abai sílẹ̀ ń kú lọ. Sundae ò ní kú, torí ó dùn, ó sì ń mówó wọlé. Ohun tó lè kú ni ìdí tó fi wà ní Sokcho: àwọn kan ń sè é de ọjọ́ tí wọ́n máa relé, ọjọ́ náà ò sì dé.

17/ Torí náà, tí ẹ bá rìnrìn àjò, ẹ jẹun, ẹ ya fọ́tò yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó gbé abọ́ wá pé ta ló kọ́kọ́ sè é níbí, kí ni wọn ò rí lọ́jọ́ náà. Ẹ tún bi àwọn ìyá yín nílé. Oúnjẹ wo ló wà nílé yín tó jẹ́ pé àìsí nǹkan míì ló bí i? Mò ń retí yín nísàlẹ̀.