Ẹni tó Ní Orí Òun Ń Gbóná Kò Purọ́

Ní ọdún 1953, àjọ ìlera àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers kọ nípa ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Dókítà yìí ti ṣàkóso ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ní Mathari, nílùú Nairobi, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ènìyàn dúdú, nítorí pé iwájú ọpọlọ wa kì í ṣiṣẹ́ tó ti òyìnbó. Ẹ̀gàn ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò: àwọn tí wọ́n gbé wọ ilé ìwòsàn nìkan ló kà. Ta sì ni wọ́n ń gbé lọ sírú ibẹ̀ láyé ìjọba amúnisìn? Ẹni tó ń ju òkúta lọ́jà ni, ẹni tó ń rìn níhòòhò, ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ìyá tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé, tí kò jẹun, tí kò rí oorun sùn, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, ta ni yóò wọ́ ọ lọ sí Mathari, tàbí sí Yábàá nílùú Èkó níbi tí wọ́n ti ṣí tirẹ̀ láti 1907? Nígbà tí Margaret Field, dókítà ọpọlọ kan, lọ jókòó sí àwọn ojúbọ ilẹ̀ Aṣáńtì ní Gánà, irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ló bá níbẹ̀, tí wọ́n ń fẹnu ara wọn pe ara wọn ní àjẹ́. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1960. Ilé òrìṣà ni àwọn tí Carothers kò rí gbà lọ.

Abẹ́òkúta ni èsì tó rinlẹ̀ jù ti wá. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ ìlú náà tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ní Aró ní 1954. Wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí tó fi lọ bá àwọn ará abúlé tó yí i ká, pé kí wọ́n máa fi yàrá háyà fún aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ kan, ó kéré tán, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀. Aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn lójú mọmọ, á sì padà sáàárín àwọn èèyàn tó ń ṣe oko, tó ń ná ọjà. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó àwọn olùwádìí jọ, wọ́n sì wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá lọ láti bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè bí ara ti ń ṣe wọ́n. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1963 fi hàn pé ìsoríkọ́ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Raymond Prince, tóun náà ti ṣiṣẹ́ ní Aró, béèrè ní 1968 bóyá àìsàn ló yí padà ní Áfíríkà ni àbí ojú tí àwọn dókítà fi ń wò ó. Ní tèmi, ojú náà ló yí jù.

Síbẹ̀, ẹ̀gàn kan ṣẹ́kù tí Aró kò lè mú kúrò. Aláìsàn Yorùbá kì í sábà fi ìbànújẹ́ bẹ̀rẹ̀ àròyé rẹ̀ níwájú dókítà. Ohun tó máa ń sọ ni pé: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn mí nínú orí, àyà mi ń já, gbogbo ara ń ro mí, oorun kò kun ojú mi. Makanjuola, dókítà ọpọlọ kan, kọ̀wé ní 1987 lórí ohun tí àwọn aláìsàn fúnra wọn ń pè ní ọdẹ orí, ìsoríkọ́ àti ìfòyà ló sì wà nídìí rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àlàyé tó wá gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni pé àwọn èèyàn wọ̀nyí kò mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ ọkàn, wọ́n kàn ń gbé e gba ti ara ni. N kò gbà. Mo ní ohun tó wà lára wọn ni wọ́n ń ròyìn, ìmọ̀ ìṣègùn ló pẹ́ kó tó gbọ́ wọn yé.

Ẹ wo àwọn tó gba oògùn interferon. Ara fúnra rẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀ nígbà tó bá ń bá àìsàn jà, nínú ìjà tó máa ń mú kí ojú ọgbẹ́ wú, kó pọ́n, kó sì gbóná. Nígbà kan, àwọn dókítà máa ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ awọ ara ní èyí tó pọ̀ gan-an. Nínú ìwádìí kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, tí 40 èèyàn kópa nínú rẹ̀, 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọn kò fún ní oògùn ìsoríkọ́ ṣáájú ni ìsoríkọ́ mú. Láàárín àwọn tó gbà á, 11 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹnì kan lè ní ìròyìn jẹjẹrẹ tó ohun tí í ba ọkàn jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjèèjì ló gbọ́ ìròyìn náà, ó sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ kankan. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ara ló kọ́kọ́ figbe ta: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó rẹ ọ̀pọ̀ wọn, tí oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ, tí ara ń ro wọ́n, lẹ́yìn èyí ni ìbànújẹ́ tó dé, kò sì dé bá gbogbo wọn. Bí àròyé aláìsàn Yorùbá ṣe tò gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ àti sísanra kò jìnnà sí i. Thomas Willis ti kọ ọ́ ní England ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn pé ìbànújẹ́ tó pẹ́ lè fa àtọ̀gbẹ. Ní 2010, ìwádìí tó kó iṣẹ́ 15 pọ̀ fi hàn pé ẹni tó sanra jù ní 55 nínú ọgọ́rùn-ún àfikún ewu ìsoríkọ́, ẹni tó sorí kọ́ náà sì ní 58 àfikún ewu pé yóò sanra jù. Ọ̀rá inú ikùn ń tú àwọn èròjà ìjà inú ara jáde. Ẹni tó sorí kọ́ kì í sì lè rìn tàbí jẹun bó ti yẹ.

Fítámínì D ni wọ́n máa ń fi ta ko irú àríyànjiyàn báyìí, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ ní 2013 lórí èèyàn 31,424 rí i pé fítámínì náà kì í tó lára àwọn tó sorí kọ́. Inú ọ̀pọ̀ dùn pé oògùn ti dé. Ní 2020, Olivia Okereke àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìdánwò wọn jáde: 18,353 àgbàlagbà, fítámínì náà ní ìwọ̀n IU 2,000 lójúmọ́ fún bí ọdún márùn-ún fún ìdajì wọn. Kò dènà ìsoríkọ́. Ṣé èyí fi hàn pé ara kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀? Rárá o. Oòrùn ni awọ ara fi ń ṣe fítámínì yìí, ẹni tó sorí kọ́ kì í sì jáde. Ọ̀rá máa ń gbé e pamọ́. Ìjà inú ara náà máa ń mú un lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ àmì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára láìjẹ́ òun ló fà á. Kódà nínú àìsàn egungun, kò yẹ ká yára di ẹ̀bi ru àìtó rẹ̀: ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí oòrùn kò ti wọ́n, egungun àwọn ọmọdé kan rọ̀, ẹsẹ̀ wọn sì wọ́. Kálísíọ̀mù ló wò wọ́n sàn ju fítámínì D nìkan lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ ní 1999 ti fi hàn.

N kò wá sọ pé ẹnikẹ́ni tí orí rẹ̀ bá ń gbóná ni ìjà inú ara ń bá fínra. Ní Atlanta ní 2013, wọ́n fi infliximab, oògùn tó ń pa ìjà náà, tọ́jú 60 èèyàn tí oògùn ìsoríkọ́ kò ràn. Bí a bá ka gbogbo wọn pọ̀, kò ṣe wọ́n láǹfààní ju omi lásán lọ. Àwọn tí àmì ìjà náà ga nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló ràn lọ́wọ́. Ó dà bíi pé ó tilẹ̀ pa àwọn yòókù lára. Dókítà tó bá gbọ́ "gbogbo ara ń ro mí" ní láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbàdí àti ṣúgà ẹni náà, kó sì bi í léèrè ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ lọ́jọ́ kan náà, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé àwọn kan nínú oògùn tí yóò kọ fún un máa ń mú èèyàn sanra.